Oyè Kẹsàn-án Olùdarí Omi

Ẹ fara balẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ọ̀gá ni mo fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ọ̀gá kì í sì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Ọ̀gá tí mo ń wí yìí ni Olùdarí ilé-iṣẹ́ tó ń pín omi fún ìlú. Tó bá ń bọ̀ lọ́nà, ikùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dé, ohùn rẹ̀ á tẹ̀lé e, òun fúnra rẹ̀ á wá dé nígbà tó bá wù ú. Oyè mẹ́jọ ló ní, òun náà ló sì fi mẹ́fà nínú wọn dá ara rẹ̀ lọ́lá: Olùdarí Àgbà, Baba Omi, Aṣíwájú Ẹ̀rọ, Òpómúléró Ilé-Iṣẹ́, Apòǹgbẹ, Atúnlùúṣe, Amòye, Àràbà Ọ̀kan Ṣoṣo. Tí o bá kí i láàárọ̀ tí o fo ẹyọ kan nínú rẹ̀, á ní kí o padà sí ẹnu géètì kí o tún ìkíni bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó máa ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, torí ìkíni yẹn nìkan ti tó àwáwí.

Omi pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ oyè yìí. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣí omi ní ilé-iṣẹ́ náà. Láàárọ̀, á fi àṣẹ ránṣẹ́ sí àwọn fáàfù, ìyẹn àwọn ẹnu omi tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, wọn á sì là. Lálẹ́, fáàfù á ti ara rẹ̀, ó di ìgbà tí àṣẹ mìíràn bá dé. Olùdarí ní omi òun kò gbọ́dọ̀ ṣí lásán bí omi aláìlọ́gàá. Ó ní gbogbo àṣẹ tó bá ń lọ sábẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka oyè òun tán: "Lórúkọ Olùdarí Àgbà, Baba Omi, Aṣíwájú Ẹ̀rọ," títí dé Àràbà, kó tó wá sọ pé "ṣí." Irin tó wà nínú kòtò ni wọ́n ń ka oyè sí létí. Ẹ sọ fún mi, ta ló fẹ́ kí fáàfù dọ̀bálẹ̀?

Obìnrin tó kọ apá yẹn nínú ètò kọ̀ǹpútà náà ni gbogbo èèyàn ń pè ní Atọpasẹ̀. Òun ni olórí àwọn tó ń kọ ètò níbẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ yìí torí pé àṣìṣe kì í sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Ètò kọ̀ǹpútà kì í dédé ṣubú. Tó bá ṣubú, á fi ìpasẹ̀ sílẹ̀, á kọ ọ́ ní ìlà-ní-ìlà pé, "Ibí ni mo ti kọsẹ̀. Ẹni tó rán mi débí nìyí. Ẹni tó rán ẹni tó rán mi nìyí," títí dé ìdí ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà kò ní pẹ́ mọ ibi tí aṣọ ti ya.

Èdè kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ètò omi yìí. Jáfà ni Atọpasẹ̀ fi kọ tirẹ̀. Bàbá kan tó ti hewú, tó sì máa ń tètè bínú, ló fi Páítìn kọ apá tó ń sọ àdúgbò tó kàn láti gba omi, wọ́n sì ń pè é ní Onípáítìn. Ọmọbìnrin aláwàdà kan tí wọ́n ń pè ní Onískíríìnì ló fi Jáfásíkíríìtì kọ ohun tí àwọn ọ̀gá ń rí lójú skíríìnì. Bí èdè ṣe mẹ́ta ni ìwà ṣe mẹ́ta. Tí Jáfà bá kọsẹ̀, òkè pátápátá ló ń kọ ibi tó ti kọsẹ̀ sí. Páítìn ń kọ tirẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Jáfásíkíríìtì ní tirẹ̀, tí o bá rán an níṣẹ́ tó bá ní "máa lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn," ó lè dé ọ̀nà kó gbàgbé ẹni tó rán an.

"Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn, ṣebí ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀," Onípáítìn á wí.

"Bàbá, ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ọjọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀," Atọpasẹ̀ á dá a lóhùn.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ ká jẹun," Onískíríìnì á sọ, á sì gbé oúnjẹ tirẹ̀ jáde.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bára wọn fà á lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn mọ́. Tí àṣìṣe bá ń ti inú èdè kan kọjá sínú òmíràn, ìpasẹ̀ rẹ̀ kì í bá a kọjá àfi tí èèyàn bá dìídì dì í lẹ́rù fún un. Àwọn mẹ́ta yìí máa ń dì í. Wọ́n bọ̀wọ̀ fún àṣìṣe, ìyẹn ni kò jẹ́ kí àṣìṣe já wọn kulẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ Ajé kan. Igbákejì Olùdarí, ẹni tí gbogbo ilé-iṣẹ́ mọ̀ sí Bẹ́ẹ̀ni-Sà, pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọkùnrin yìí fún yín. Tí Olùdarí bá sín, imú ara rẹ̀ ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà máa ń nù. Ó gun orí pèpéle, ó tẹ orí ba, ó ní:

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ mi, a ti wádìí, a ti wo ọ̀tún, a ti wo òsì, a ò rí ọjọ́ kan ṣoṣo tí Baba Omi ṣe àṣìṣe. Ní ọjọ́ tí wọ́n jókòó tí wọ́n sì bá ara wọn nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ṣé àwọn ni wọ́n ṣàṣìṣe?"

"Rárá o!" ni gbọ̀ngàn dáhùn.

"Ta ló ṣàṣìṣe?"

"Àga ni!"

"Ẹ ṣeun. Àga yẹn ni a ti lé kúrò níbí. Nítorí náà, lónìí yìí, a fi oyè kẹsàn-án dá wọn lọ́lá: Aláìláṣìṣe!"

Olùdarí dìde. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ dákẹ́ àtẹ́wọ́," ló wí, bẹ́ẹ̀ kò tíì sí ẹni tó pa á. Ìgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tó rántí pé ó yẹ kí àwọn pa á, wọ́n wá ń pa á kíkankíkan, ó sì dúró títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ mi! Ilé tí Aláìláṣìṣe bá ń gbé, ṣé ó yẹ kí àṣìṣe máa rìn nínú rẹ̀? Mo ti rí i lójú skíríìnì yín. Ìlà pupa lórí ìlà pupa, ó gùn bí ẹjọ́ onígbèsè! Ta lẹ fẹ́ kó ka ìyẹn? Ọ̀gá kì í ka ìlà kejì! Láti òní lọ, ibi tí kọ̀ǹpútà bá ti fẹ́ kọ àṣìṣe sí, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, 'Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa.' Ìlà kan péré. Ní àwọ̀ ewé!"

Atọpasẹ̀ nawọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí a bá pa ìpasẹ̀ rẹ́, tí nǹkan bá wá bàjẹ́, báwo la ṣe máa mọ ibi tó ti bàjẹ́?"

"Nǹkan kì í bàjẹ́ níbi tí mo bá wà."

"Tó bá bàjẹ́ ńkọ́, sà?"

"Tó bá bàjẹ́, kó bàjẹ́ dáadáa!"

Àtẹ́wọ́ gba gbogbo ilé. Bẹ́ẹ̀ni-Sà sunkún, ẹkún ayọ̀ ni, ó lóun kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Kí ni wọn ì bá ṣe? Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sídìí ẹ̀rọ wọn, wọ́n ṣe ohun tí ọ̀gá wí. Atọpasẹ̀ pa ẹnu Jáfà mọ́, Onípáítìn pa ti Páítìn mọ́, ó ń ráhùn bó ṣe ń ṣe é. Onískíríìnì wá fi àwọ̀ ewé kun gbogbo ojú skíríìnì. Inú Atọpasẹ̀ bàjẹ́. Ó mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe kò dáa, ó sì ṣe é, torí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, òun nìkan sì ni gbogbo wọn ń wò lójú. Ní ọ̀sán yẹn kan náà, Bẹ́ẹ̀ni-Sà jókòó ní ọ́fíìsì rẹ̀, ó ṣí ojú-ewé tí wọ́n ń kọ orúkọ Olùdarí sí nínú kọ̀ǹpútà, ó fi Aláìláṣìṣe lé oyè mẹ́jọ àkọ́kọ́. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ta ló ń sọ fún oníkọ̀ǹpútà pé wọ́n fi ọ̀gá joyè? Ṣebí wọ́n wà níbi ayẹyẹ náà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi kò dé.

Ìyá Atọpasẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ó na ẹsẹ̀ síwájú. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣebí ilé-iṣẹ́ omi lo ní ò ń bá ṣiṣẹ́? Omi tó kù nínú kẹ́tùlù ni mo fi wẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ni mo rí fọ̀, ti ọ̀tún ń retí ẹ̀yin ará ọ́fíìsì."

"Ẹ má bínú, Màmá, màá wò ó tí mo bá débẹ̀."

"Wò ó kíá o. Mi ò lè fi ẹsẹ̀ kan jáde."

Ó dé ibi iṣẹ́, ó sáré wo skíríìnì. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Ó wo àdúgbò tirẹ̀ gan-an, ibi tí ìyá rẹ̀ na ẹsẹ̀ sí. Gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Àwọ̀ ewé náà tutù, ó dùn ún wò. Ní ìta, àwọn èèyàn ti ń kó garawa jọ síwájú géètì, wọ́n ń pariwo. Olùdarí yọjú lójú fèrèsé òkè. Kànga ẹ̀rọ ti ara rẹ̀ ló ń lò nílé, kò mọ̀ pé òǹgbẹ ń gbẹ ẹnikẹ́ni.

"Ẹ wò wọ́n," ó sọ fún Bẹ́ẹ̀ni-Sà. "Wọ́n gbọ́ nípa oyè tuntun. Wọ́n gbé garawa wá lù fún mi!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n sì mọ̀ ọ́n lù."

Àwọn mẹ́ta wọ inú yàrá kékeré tí wọ́n ti ń dán ètò wò. Wọ́n fi àṣẹ ránṣẹ́ sí fáàfù àdánwò tó wà níbẹ̀, ó là wàì, omi ṣàn sínú bàsíà. Wọ́n tún ṣe é, ó tún ṣàn. Ní ìgboro, kò ṣàn. Nínú yàrá àdánwò, orúkọ tí wọ́n kọ fún Olùdarí kò ju "Ọ̀gá" lọ, torí kò sí ẹni tó ráyè tẹ oyè mẹ́jọ sínú ohun àdánwò. Ẹ̀yin ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, àbí? Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fọwọ́ kan kóòdù wọn lọ́jọ́ kan náà, nítorí náà ara wọn ni wọ́n ń fura sí.

"Páítìn tèmi kò ṣe nǹkan kan," Onípáítìn wí.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ ti pa ẹnu rẹ̀ mọ́."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé Jáfà tìrẹ ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Ẹ wò ó, èmi lẹ rán pé kí n fi ọ̀dà kun ojú rẹ̀, mo sì ti kùn ún," Onískíríìnì wí. "Ẹni tó bá ní kí òkú máa rẹ́rìn-ín, ṣé ẹni tó kun tìróò fún un ló jẹ̀bi?"

Gbogbo èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ ohun kan náà: dáadáa ni. Atọpasẹ̀ kò rí ẹsẹ̀ kankan tẹ̀lé. Ó gun òkè lọ bá Olùdarí, ó kí i ní oyè mẹ́sẹ̀ẹ̀sán láìfo ọ̀kan, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká dá ìpasẹ̀ padà, ì báà jẹ́ fún wákàtí kan péré. Omi kò dé ibì kankan."

"Skíríìnì mi ní ó dé."

"Àwa la ní kí skíríìnì máa sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Ṣé o rí i pé ó gbọ́ràn jù ọ́ lọ?" Olùdarí na ara rẹ̀ sẹ́yìn nínú àga tuntun. "Gbọ́ mi dáadáa. Lọ́jọ́bọ̀, Kọmíṣọ́nnà ń bọ̀ wá ṣí orísun omi tí mo kọ́ síwájú ọgbà. Tí inú rẹ̀ bá dùn, wọ́n á gbé mi lọ sí orílé-iṣẹ́, màá di olórí gbogbo omi pátá. Tí omi bá ṣàn lọ́jọ́ náà, èmi ni mo ṣe é. Tí kò bá ṣàn, ìwọ ni, màá sì lé ọ lójú gbogbo ayé. Ǹjẹ́ ìyẹn kò yé ọ?"

Ó yé e. Ó sọ̀ kalẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà á gan-an. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ro ti àwọn ọmọ, ó ro ti ìyá rẹ̀, inú wá bẹ̀rẹ̀ sí í bí i, inú tó ń bí i náà ló lé ẹ̀rù lọ. Ó wọlé bá àwọn méjì tó kù, ó ní, "Tí wọ́n máa lé mi, kí wọ́n lé mi nítorí ohun tí mo ṣe. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n lé mi nítorí ohun tí mi ò mọ̀. Mo fẹ́ dá ìpasẹ̀ padà. Ẹni tí kò bá fẹ́ bá mi dá sí i, kó lọ jókòó síta."

Onípáítìn yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ta ló ń jókòó síta nínú oòrùn yìí?"

Wọ́n ṣiṣẹ́ títí dé Ọjọ́bọ̀ gan-an, torí ibi tí wọ́n ti pa ẹnu mọ́ pọ̀, ó sì gba sùúrù kéèyàn tó lè ṣí gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn kún ọgbà ilé-iṣẹ́ fọ́fọ́, wọ́n kó garawa wọn wá. Skíríìnì ńlá kan dúró lẹ́yìn pèpéle, ó ń kọ mọ̀nà ní àwọ̀ ewé pé gbogbo rẹ̀ ń lọ dáadáa. Orísun omi tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà kì í ṣe òmùgọ̀, ó ti kó òṣìṣẹ́ mẹ́fà pa mọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú garawa omi, pé tí Olùdarí bá ní "ṣí," kí wọ́n máa da omi sókè. Kọmíṣọ́nnà dé láìsí ariwo: obìnrin kúkúrú, bàtà pẹlẹbẹ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wo garawa tó wà lọ́wọ́ àwọn ará ìlú, ó sì wo skíríìnì.

Olùdarí bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. "Èmi, Olùdarí Àgbà, ìyẹn ni pé àgbà nínú àwọn olùdarí, olùdarí nínú àwọn àgbà..." Oyè kọ̀ọ̀kan ló ń ṣàlàyé pẹ̀lú ìtàn rẹ̀.

Nínú yàrá kọ̀ǹpútà, àwọn mẹ́ta ń làágùn. Onípáítìn ti ṣí ẹnu Páítìn. Onískíríìnì ti yọ ọ̀dà ewé, ó kù kó tẹ bọ́tìnì kan. Jáfà ló kù. Atọpasẹ̀ ṣí i, ó wò ó, ó di orí mú. Jáfà dárúkọ àṣìṣe lóòótọ́, ó ní "mo kọjá ààlà àpótí," ṣùgbọ́n kò sí ìpasẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo, ó parí síbẹ̀.

"Ṣé o gbàgbé láti ṣí ibì kan ni?" Onípáítìn béèrè.

"Rárá, Bàbá, mo ti ṣí gbogbo rẹ̀. Ó ti sú u ni. Tí Jáfà bá ti ṣe àṣìṣe kan náà ní àìmọye ìgbà, kì í sọ ìtàn rẹ̀ mọ́, orúkọ nìkan ló máa ń dá. Láti ìjẹta ló ti ń kọsẹ̀ síbì kan náà, tí a ò gbọ́ ọ." Ó fọwọ́ lu tábìlì. "Àfi ká pa á, ká tún un tàn, ká sì kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe jẹ́ kó sú òun. Tí a bá pa á, skíríìnì ńlá ìta máa dúdú."

"Ọ̀gá ṣì ń sọ̀rọ̀?"

Onískíríìnì yọjú lójú fèrèsé. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé oyè kẹrin."

"Áà, àyè wà," Onípáítìn wí. "Pa á."

Skíríìnì dúdú. Olùdarí kò rí i, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, Onískíríìnì tẹ bọ́tìnì rẹ̀, skíríìnì funfun, ìlà pupa sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tẹ̀lé ara wọn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi tó orí èèyàn: Mo wá àpótí kẹsàn-án, àpótí mẹ́jọ ló wà. Ibi tí mo ti ń to oyè ni. Ẹni tó rán mi ni ìkíni. Ẹni tó rán ìkíni ni àṣẹ tó fẹ́ ṣí fáàfù. Lábẹ́ rẹ̀, ti Páítìn tẹ̀lé e: mò ń fi àṣẹ ránṣẹ́ sí gbogbo àdúgbò lórúkọ Olùdarí Àgbà, Baba Omi, títí dé Aláìláṣìṣe. Fáàfù kankan kò là.

Atọpasẹ̀ ka ìlà àkọ́kọ́. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló rí. Òun ló to àpótí mẹ́jọ yẹn sínú ètò, àpótí kan fún oyè kọ̀ọ̀kan, òun ló rò pé kò sí ẹ̀dá tó máa ní oyè tó ju bẹ́ẹ̀ lọ láyé yìí. Ó jáde síta, ó rọra ń rìn lọ síbi pèpéle.

Àwọn èrò ti dìde, wọ́n ń nàka sí skíríìnì, wọ́n ń kà á sókè. Olùdarí rò pé ọ̀rọ̀ òun ló gbé wọn dìde. Nígbà tó wá yíjú padà, tó rí oyè rẹ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ní lẹ́tà gàdàgbà, ojú rẹ̀ tàn. "Ẹ wò ó, mà!" ó wí fún Kọmíṣọ́nnà. "Kọ̀ǹpútà pàápàá ń kì mí!"

Ṣùgbọ́n Bẹ́ẹ̀ni-Sà mọ̀ọ́kà, ó sì kà dé ìlà kejì. Ó fò síwájú, ó nàka sí Atọpasẹ̀. "Obìnrin yìí ni, mà! Òun ló kọ apá tó bàjẹ́!"

Kọmíṣọ́nnà yíjú sí i. "Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, mà," Atọpasẹ̀ wí. "Èmi ni mo to àpótí mẹ́jọ. Oyè ọ̀gá wá di mẹ́sàn-án lọ́jọ́ Ajé. Láti ìgbà yẹn ni omi kò ti ṣàn."

"Láti ọjọ́ Ajé? Ìgbà wo lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀?"

"Báyìí ni, mà. Kò sí ìpasẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ká pa á rẹ́."

"Irọ́ ni, mà!" Bẹ́ẹ̀ni-Sà kígbe. "Kò sẹ́ni tó rán an! Òun fúnra rẹ̀ ló pa ìpasẹ̀ rẹ́. Ọgbọ́n orí ara rẹ̀ ló fi ṣe é!"

Atọpasẹ̀ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ òun ló pa á rẹ́ lóòótọ́, kò sì sí ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní Olùdarí dákẹ́ báyìí, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Obìnrin náà á lọ sílé, òun á lọ sí orílé-iṣẹ́. Dídákẹ́ nìkan ni. Ọmọ ọwọ́ ń ṣe é tó bá sùn.

"Ọgbọ́n ta?" Olùdarí bú ramúramù. "Ọgbọ́n ta lo ní? Ìwọ Igbákejì yìí, ojú mi báyìí lo ti ń gbé ọgbọ́n mi fún obìnrin yìí? Ó kúnlẹ̀ síwájú mi níjẹta pé kí n fagi lé e, mo kọ̀!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," Bẹ́ẹ̀ni-Sà ń fà á láṣọ. "Sà. Sà!"

"Tú aṣọ mi sílẹ̀!"

Kọmíṣọ́nnà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi 'dáadáa' dípò àṣìṣe, sà?"

"Èmi nìkan, mà. Kò sẹ́ni tó bá mi rò ó."

"Kí omi tó ṣí, kí wọ́n kọ́kọ́ ka oyè fún fáàfù ńkọ́?"

"Èmi náà ni!"

"Oyè kẹsàn-án ńkọ́? Ta ló fi í dá yín lọ́lá?"

"Wọ́n rò pé àwọn ni," Olùdarí rẹ́rìn-ín músẹ́, "ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ ọ̀rọ̀ tí Igbákejì kà!"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín láàárín àwọn onígarawa, ẹlòmíràn gbà á, ó di ti gbogbo èrò. Ìgbà náà ni Olùdarí tó yíjú padà, tó wá ka ìlà kejì, tó ka ìkẹta, tó kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ yọ oyè kan kúrò, kí omi lè ṣàn," Kọmíṣọ́nnà wí.

"Èwo... èwo ni kí n yọ, mà?"

"Yọ Aláìláṣìṣe!" àwọn èrò kígbe.

"Òun ló tuntun jù," Olùdarí bẹ̀bẹ̀.

"Yọ Apòǹgbẹ, òǹgbẹ ló ń pa wá!"

"Ẹ̀yin ará, ó ní ìtàn o."

"Yọ Amòye!"

"Tí mo bá yọ Amòye, kí ló kù fún mi?"

Kọmíṣọ́nnà wo Atọpasẹ̀. "Yọ gbogbo rẹ̀."

Ó sáré wọlé. Àṣẹ tó kù kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: ṣí. Kò pẹ́, ilẹ̀ kùn lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, orísun omi tú jáde, ó gbá àwọn mẹ́fà tó fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ dànù pẹ̀lú garawa wọn. Wọ́n dìde, omi ń ro lára wọn. "Àwọn wo nìyí?" Kọmíṣọ́nnà béèrè, ẹ̀rín sì gba gbogbo ọgbà. Àwọn èèyàn sáré gbé garawa sábẹ́ omi, àwọn mìíràn gbé ojú wọn síbẹ̀. Atọpasẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, kò sì tijú ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ Olùdarí níbẹ̀ gan-an. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀ ìdágbére, ṣùgbọ́n gbohùngbohùn ti tutù, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Kọmíṣọ́nnà pe Atọpasẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àpótí mẹ́jọ yẹn, ìwọ náà jẹ̀bi ibẹ̀, o gbọ́? Lọ tún un ṣe. Tí o bá ti ṣe é tán, wá di àga Olùdarí mú fún wa ná."

Kò tíì jókòó sí i tí Bẹ́ẹ̀ni-Sà fi kan ilẹ̀kùn, ó ti pààrọ̀ aṣọ, ó mú bíírò àti pátákó funfun kan dání. Ó tẹ orí ba wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

"Ẹ kú oríire, mà. A fẹ́ kọ pátákó tuntun sí ẹnu géètì. Oyè wo ni kí a kọ síbẹ̀, mà? Mo ti ro mẹ́rin kan báyìí."

"Kọ nọ́ńbà fóònù mi."

"Nọ́ńbà fóònù nìkan, mà?"

"Kọ ọ́ gàdàgbà," Atọpasẹ̀ wí, "kí ẹni tí omi rẹ̀ kò bá ṣàn lè kà á láti òdìkejì títì."